Àlùmọ́gàjí tàbí Àgbájọ: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún CRISPR Ọlọ́pọ̀ Purotéènì nínú Sẹ́ẹ̀lì Oníkóró

Nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ ṣàlàyé CRISPR fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àlùmọ́gàjí ni ó sábà máa ń fi í wé. Inú ìwé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni àfiwé náà ti wá, àwọn ògbufọ̀ sì ń gbà á bẹ́ẹ̀ láìbi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí á fi ohun tí a mọ̀ ṣàlàyé ohun tí a kò mọ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àfiwé bá di orúkọ, tí orúkọ náà sì di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ sórí de ìdánwò. Irinṣẹ́ kan ṣoṣo ni àlùmọ́gàjí. Ẹni tí ó dì í mú ni ó ń wá ibi tí yóò gé, àlùmọ́gàjí kò mọ̀ ju kí ó gé lọ, ojú kan náà ni ó sì ń gé. Irú CRISPR kan wà tí ó jọ bẹ́ẹ̀ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù lọ láàárín àwọn bakitéríà kò jọ ọ́ rárá. Purotéènì 11 ni ó máa ń para pọ̀ wá ibi iṣẹ́; òmíràn tí kò sí lára wọn ni a óò wá pè láti gé; gígé tirẹ̀ sì dà bí ìgbà tí eku bá wọ inú àpótí aṣọ. Irú kejì yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí níhìn-ín, àti bí a ti ṣe gbé e wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn láti ọdún 2019, nítorí pé ibẹ̀ ni àìpé ọ̀rọ̀ tí a ti ń lò ti hàn kedere.

Ní ọdún 1987, ní ìlú Osaka ní orílẹ̀-èdè Japan, Yoshizumi Ishino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka lẹ́tà DNA ti Escherichia coli, bakitéríà tí ń gbé inú ìfun. Wọ́n kan ọ̀rọ̀ kan tí ó gùn tó lẹ́tà 29, tí a tún wí léraléra, tí lẹ́tà 32 tí kò jọ ara wọn sì wà láàárín àtúnwí kan àti èkejì. Wọn kò mọ ohun tí ó wà fún. Ní 2002 ni Ruud Jansen àti Francisco Mojica fi orúkọ CRISPR lélẹ̀, èyí tí í ṣe lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ sí àkójọ àtúnwí kúkúrú, tí a fi àlàfo pín ní ọgbọọgba, tí ó sì ṣeé kà bákan náà láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Ní 2005 ni ó hàn pé ègé ara fáírọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú àwọn àlàfo náà. Ní 2007 ni Rodolphe Barrangou, Philippe Horvath àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí bakitéríà tí a fi ń mú wàrà dì, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdáàbòbò ni.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò le láti lóye. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá kọlu bakitéríà, tí bakitéríà sì yè é, yóò fi ègé díẹ̀ lára DNA ọ̀tá náà pamọ́ sáàárín àtúnwí méjì. Bí ọ̀tá bá tún padà wá, yóò da ègé tí ó fi pamọ́ kọ sí RNA, RNA yìí ni yóò sì máa mú àwọn purotéènì lọ bá ọ̀tá ní ibi tí ó wà. Nítorí èyí ni 'RNA amọ̀nà' fi jẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá jà. Amọ̀nà kì í jagun. Ọ̀nà ni ó mọ̀.

Ní 2008, Stan Brouns, John van der Oost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Wageningen ní orílẹ̀-èdè Netherlands ṣàlàyé àwọn purotéènì tí RNA amọ̀nà ń bá rìn nínú E. coli. Wọ́n rí oríṣi márùn-ún tí wọ́n so mọ́ ara wọn, wọ́n sì pe àpapọ̀ wọn ní Cascade. Ọ̀fìn àkọ́kọ́ fún ògbufọ̀ nìyí. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí omi tí ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa kọ nípa omi nínú ìwé tí a kọ nípa bakitéríà. Orúkọ àgékúrú ni Cascade: wọ́n ṣa lẹ́tà rẹ̀ jọ láti inú àpólà ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí àgbájọ tí ń bá CRISPR rìn láti dènà fáírọ́ọ̀sì.

Bí àwọn márùn-ún náà ti tò yẹ fún àkíyèsí. Cas8 jẹ́ ọ̀kan, Cas11 jẹ́ méjì, Cas7 jẹ́ mẹ́fà, Cas5 jẹ́ ọ̀kan, Cas6 náà jẹ́ ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 11. Cas6 ni ó ń gé RNA gígùn sí ègé tí ó tó lẹ́tà 61, lẹ́yìn tí ó bá sì gé e tán kò ní fi í sílẹ̀, yóò dúró sí ìdí rẹ̀ kan. Cas5 yóò mú ìdí kejì. Cas7 mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò tò sí ẹ̀yìn RNA náà bí egungun ẹ̀yìn, Cas11 méjì yóò sì wà ní ìhà ikùn. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí àwòrán gbogbo rẹ̀ dáadáa ní 2011, ẹja òkun kékeré tí orí rẹ̀ dà bí orí ẹṣin ni wọ́n fi wé, àfiwé yìí kò sì burú. Ohun kan wà tí olùkọ́ lè fi dá akẹ́kọ̀ọ́ lára yá: ọ̀nà tí Cas7 gbà ń di RNA mú ń yí lẹ́tà kẹfà-kẹfà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í ka lẹ́tà wọ̀nyẹn mọ́ ìbáramu. Bí lẹ́tà kẹfà bá ṣì, àgbájọ náà kò ní bìkítà.

Cas8 ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí àgbájọ náà ti ń rìn lórí DNA, àmì kékeré onílẹ́tà mẹ́ta ni Cas8 ń wá. Níbi tí kò bá ti rí i, yóò kọjá lọ láìtú ohunkóhun. Àtúnwí tí ó wà nínú bakitéríà fúnra rẹ̀ kò ní àmì yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí ni kò fi jẹ́ kí bakitéríà máa gbógun ti ìrántí ara rẹ̀. Bí Cas8 bá rí àmì, fọ́nrán DNA méjèèjì yóò là, RNA amọ̀nà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀kan nínú wọn mu, lẹ́tà fún lẹ́tà, títí dé 32. Ìgbà tí ìbáramu yìí bá parí ni àgbájọ náà yóò yí ìdúró rẹ̀ padà. Ìgbà náà ni Cas3 yóò tó dé. Cas3 kò sí lára àwọn 11. Àlejò tí a pè síṣẹ́ ni. Yóò gé fọ́nrán kejì lójú kan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa DNA náà mọ́ra, yóò máa tú u, yóò máa gé e sí wẹ́wẹ́, ìhà kan ṣoṣo ni yóò sì máa dojú kọ.

Nínú gbogbo ohun tí a sọ yìí, níbo ni àlùmọ́gàjí wà? Ẹni tí ń wá kì í gé. Ẹni tí ń gé kì í wá. Èyí tí ó sì ń gé náà, kì í ṣe ojú kan ni ó ń gé. Ó tọ̀nà kí á pe Cas3 ní 'afàya', nítorí ó ń fà, ó sì ń ya. Ó tọ̀nà kí á pe Cascade ní 'àgbájọ awárí'. Àwọn kan lè fẹ́ lo 'àáró' fún irú ìparapọ̀ yìí, pàápàá àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìperí máa ti inú ìgbésí ayé àgbẹ̀ jáde. Àáró kò bá a mu. Nínú àáró, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń ṣe, lóko ẹnì kan lónìí, lóko ẹlòmíràn lọ́la. Nínú Cascade, kò sí èyí tí ó lè ṣe iṣẹ́ èkejì, kò sì sí yíyí kiri. Àgbájọ ọwọ́ tí a fi ń sọ àyà ni ó bá a mu: àtàǹpàkò kì í ṣe ìka ọmọńdinrín, bẹ́ẹ̀ ni ìka kan kò lè dá sọ àyà. Bí a bá fẹ́ ní orúkọ gbogbogbòò fún purotéènì púpọ̀ tí wọ́n so mọ́ ara wọn láti ṣe iṣẹ́ kan, yálà ti CRISPR tàbí òmíràn, 'àgbájọ purotéènì' ni ó yẹ kí ó jẹ́.

Ìdí tí àlùmọ́gàjí fi borí àgbájọ nínú ìwé kò ṣòro láti rí. Ní 2012, Emmanuelle Charpentier, Jennifer Doudna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé nínú àwọn bakitéríà kan, purotéènì kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Cas9 ni ó ń dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe: ó ń bá RNA amọ̀nà rìn, ó ń wá, ó sì ń gé fọ́nrán méjèèjì lójú kan. Ní 2013, ẹgbẹ́ Feng Zhang àti ti George Church ní Amẹ́ríkà lò ó nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ní 2020 ni Charpentier àti Doudna gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místìrì. Purotéènì kan, jíìnì kan, RNA kan: ta ni yóò fi èyí sílẹ̀ tí yóò lọ máa kó 11 kiri? Síbẹ̀, nínú gbogbo CRISPR tí a mọ̀ láàárín àwọn bakitéríà àti àwọn ìbátan wọn, nǹkan bí 90 nínú 100 ni ó jẹ́ ọlọ́pọ̀ purotéènì. Cas9, tí í ṣe 'adáṣe', ni ó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìperí tí a mú láti ara adáṣe nìkan dà bí ẹni tí ó rí adìẹ òpìpì kan ṣoṣo, tí ó wá sọ pé adìẹ kì í níyẹ̀ẹ́.

Kí á tó sọ bí àgbájọ náà ti ṣe dé inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ó yẹ kí á yanjú orúkọ sẹ́ẹ̀lì náà. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pín sẹ́ẹ̀lì sí ọ̀nà méjì: èyí tí DNA rẹ̀ wà nínú àpò kan tí awọ bò, bí ti ènìyàn, ẹran, igi àti olú, àti èyí tí kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀, bí ti bakitéríà. Àwọn tí ó fún wọn lórúkọ lọ yá ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí kóró èso. Yorùbá ní kóró tirẹ̀, kò sì sí ìdí tí a óò fi gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìsì kọjá kí á tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. 'Sẹ́ẹ̀lì oníkóró' àti 'sẹ́ẹ̀lì aláìníkóró' ṣe kedere. Ọmọdé lè fojú inú rí ohun tí wọ́n ń sọ. Irú ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì. Nígbà tí Babátúndé Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, wíwá ọ̀rọ̀ tí ojú inú ọmọ lè rí wà lára iṣẹ́ tí ó dojú kọ wọn.

Kóró yìí gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́ fún àgbájọ awárí. Nínú bakitéríà, kò sí ohun tí ó dènà purotéènì láti dé ibi tí DNA wà. Nínú sẹ́ẹ̀lì oníkóró, ìta kóró ni a ti ń ṣe purotéènì, inú kóró sì ni DNA wà. Ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Purotéènì tí yóò bá wọlé gbọ́dọ̀ ní àmì kékeré kan lára, èyí tí a lè pè ní 'àmì ìwọlé-kóró'. Fún Cas9, àmì kan tàbí méjì lára purotéènì kan ti tó. Fún àgbájọ, a ní láti wò ó fún oríṣi márààrún àti fún afàya tí í ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, kí á sì rí i dájú pé àmì tí a so mọ́ wọn kò dí wọn lọ́wọ́ láti so mọ́ ara wọn.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti kíkà. Bakitéríà a máa kọ jíìnì púpọ̀ sí ojú ìwé RNA kan, ráíbósóòmù rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ kíkà ní orí ìlà èyíkéyìí tí ó bá ti rí àmì ìbẹ̀rẹ̀. Ráíbósóòmù sẹ́ẹ̀lì oníkóró kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti òkè ìwé ni ó ti ń bọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ tí ó bá kọ́kọ́ rí ni ó sábà máa ń kà, tí ó bá sì kà á tán, ó tán. Nítorí náà, bí a bá gbé ìwé bakitéríà fún un bí ó ti wà, purotéènì kan ni a óò rí gbà, àwọn yòókù yóò sì nù. Ọ̀nà kan láti yẹ èyí sílẹ̀ ni kí á kọ jíìnì kọ̀ọ̀kan sí ìwé tirẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí á fi ègé kékeré kan tí a yá lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì sáàárín wọn. Ègé yìí ń mú kí ráíbósóòmù fo ìso kan láìdáwọ́ kíkà dúró, purotéènì kan yóò já sílẹ̀, òmíràn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni kí á jẹ́ kí bakitéríà bá wa to àgbájọ náà tán, kí á wá fọ̀ ọ́ mọ́, kí á sì gbé e wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní odidi. Lórí gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ iye wà: Cas7 mẹ́fà ni a nílò fún Cas8 kan. Bí Cas7 kò bá pọ̀ tó, àgbájọ kò ní pé.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n borí ìṣòro wọ̀nyí ní 2019 gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀ síra. Ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Charles Gersbach lo àgbájọ awárí láìmú afàya wá rárá. Wọ́n so purotéènì tí ń ta jíìnì jí tàbí tí ń pa á lẹ́nu mọ́ mọ́ ọn, wọ́n sì rí i pé ó ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Àwọn mìíràn ṣe irú èyí nínú àgbàdo ní ọdún kan náà. Ní ilé-iṣẹ́ Caribou ní Amẹ́ríkà, wọ́n so abẹ kan tí ń jẹ́ FokI mọ́ àgbájọ náà. FokI kì í gé àfi bí ó bá di méjì, nítorí náà àgbájọ méjì ni a gbọ́dọ̀ rán lọ sí ojú ibi tí ó súnmọ́ ara wọn kí gígé tó wáyé. Yan Zhang ní Yunifásítì Michigan àti Ailong Ke ní Yunifásítì Cornell ni wọ́n jẹ́ kí afàya ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Wọ́n mú àgbájọ àti afàya láti ara bakitéríà kan tí ó fẹ́ràn ibi gbígbóná, tí ń jẹ́ Thermobifida fusca, wọ́n sì gbé wọn wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní odidi. RNA amọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n lò, síbẹ̀ ohun tí ó pa rẹ́ lára DNA bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà ọgọ́rùn-ún mélòó kan títí dé 100,000, ìhà kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì kọjú sí. Ní Japan, ẹgbẹ́ tí Tomoji Mashimo wà nínú rẹ̀ lo ti E. coli, bakitéríà kan náà tí Ishino kà ní 1987, wọ́n sì fi ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí a gbà lára ẹni tí ó ní àrùn Duchenne, èyí tí ń sọ iṣan ara ọmọkùnrin di aláìlágbára.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí àwọn ògbufọ̀ fi etí sí jù lọ dé ní 2022. Ẹgbẹ́ Yan Zhang fẹ́ lo àgbájọ mìíràn, tí ó kéré ju àwọn ti ìṣáájú lọ, láti ara bakitéríà Neisseria lactamica. Nínú àkọsílẹ̀ jíìnì rẹ̀, Cas5, Cas7 àti Cas8 ni a rí. Kò sí jíìnì kankan tí a kọ orúkọ Cas11 sí. Nígbà tí a bá to àgbájọ náà nínú bakitéríà tí a sì gbé e wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní odidi, ó ń ṣiṣẹ́ gidigidi. Nígbà tí a bá fi jíìnì rẹ̀ nìkan ránṣẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn fúnra rẹ̀ ṣe é, ohun kan ń kù. Ìwádìí fi hàn pé Cas11 wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: inú jíìnì Cas8 ni ó fara pamọ́ sí. Ráíbósóòmù bakitéríà a máa ka Cas8 láti òkè dé ìsàlẹ̀; nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ohun tí ó sì kà láti àárín ni Cas11. Ráíbósóòmù ènìyàn kò mọ àmì tí ó wà ní àárín náà. Cas8 nìkan ni ó kà.

Bí àjèjì ti ń gbọ́ orúkọ Yorùbá nìyẹn. Babátúndé, lójú rẹ̀, orúkọ ènìyàn ni, ó sì parí síbẹ̀. Lójú ọmọ onílé, orúkọ ni, gbólóhùn sì tún ni: baba tún dé. Lẹ́tà kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà ṣe láti tún ọ̀rọ̀ ṣe ni ohun tí ògbufọ̀ rere máa ń ṣe. Wọ́n kọ Cas11 síta gbangba bí jíìnì tí ó dá dúró, wọ́n sì fi kún àwọn yòókù. Iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú ọgbọ́n yìí lórí àwọn àgbájọ mìíràn tí wọ́n jọ ọ́, ó sì ran àwọn náà lọ́wọ́. Bí ó ti rí yìí, 'àdàkọ' fún ìgbésẹ̀ láti DNA sí RNA, àti 'ìtumọ̀' fún ìgbésẹ̀ láti RNA sí purotéènì, kì í ṣe àfiwé lásán. Ìtumọ̀ ni ó kùnà nínú sẹ́ẹ̀lì náà, kì í ṣe àdàkọ.

Bí a bá ti gbà pé kíkọ àti kíkà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó ku orúkọ iṣẹ́ náà gan-an. 'Àtúnṣe jíìnì' ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ ronú kàn, ó sì dùn ún gbọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tí ó bàjẹ́ ni a ń tún ṣe. Ẹni tí ó bá sọ pé òun tún kẹ̀kẹ́ ṣe, a retí pé kẹ̀kẹ́ náà ti dára. Afàya tí ó pa lẹ́tà 100,000 rẹ́ kò tún ohunkóhun ṣe. 'Àtúnkọ' ni ó sàn: ẹni tí ń tún ìwé kọ lè fi ọ̀rọ̀ kún un, ó lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì lè pa odidi ojú ìwé rẹ́. Abẹ́ 'àtúnkọ' ni 'ìparẹ́' yóò wà, fún iṣẹ́ afàya àti irú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ láàárín àtúnṣe àti àtúnkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ èdè nìkan, ó ti dé ilé ìwòsàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilẹ̀ Bìrìtéènì fi àṣẹ sí ìtọ́jú kan tí ń jẹ́ Casgevy fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i. Cas9 ni wọ́n lò níbẹ̀, kì í ṣe àgbájọ. Wọn yóò gba sẹ́ẹ̀lì tí ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọn yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lóde ara, wọn yóò fi oògùn líle pa èyí tí ó kù nínú mùdùnmúdùn egungun, wọn yóò sì dá ti àkọ́kọ́ padà. Ibo ni Cas9 ń gé? Kì í ṣe jíìnì tí ó fa àrùn náà. Jíìnì mìíràn tí ń jẹ́ BCL11A ni wọ́n gé apá tí ń mú un ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Jíìnì yìí ni ó ń pa hẹmoglóbíìnì ọmọ inú oyún lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn tí a bá bí ọmọ. Nígbà tí a bá dí i lọ́wọ́, hẹmoglóbíìnì ìgbà ọmọdé yóò tún jí, yóò sì máa ṣe iṣẹ́ tí ti àgbà kò lè ṣe dáadáa. Lẹ́tà kan tí ó ṣì nínú jíìnì hẹmoglóbíìnì àgbà, tí ó jẹ́ orísun gbogbo ìrora, wà níbẹ̀ bí ó ti wà.

Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìwé àlàyé fún aláìsàn bá sọ pé 'a ti tún jíìnì rẹ ṣe'. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn yìí jù lọ ní ayé, ó sì ti di àṣà láàárín ọ̀pọ̀ Yorùbá, nílé àti lókè òkun, kí àwọn àfẹ́sọ́nà béèrè jẹ́nótáìpù ara wọn kí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ SS tí ó gba ìtọ́jú yìí lè bọ́ lọ́wọ́ ìrora. Ṣùgbọ́n S nìkan ni yóò ṣì máa fún ọmọ tí ó bá bí. Bí ó bá fẹ́ ẹni tí ó jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdajì ni ààyè pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. 'A tún un ṣe' yóò mú kí ó rò pé ọ̀ràn ìgbéyàwó ti yanjú. 'A tún ibòmíràn kọ, kí ara lè rí ọ̀nà mìíràn gbà' gùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn tí wọ́n sọ àrùn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde kò mọ hẹmoglóbíìnì, síbẹ̀ wọ́n wo ohun tí àrùn náà ń ṣe sí ènìyàn, wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ náà kò tíì ṣì títí di òní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nípa àwọn Cas àti nọ́ńbà wọn. Ó lè wu ògbufọ̀ kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Yorùbá tí kò ní nọ́ńbà, kí ìwé lè mọ́ ní ojú. Kò ní ṣe é láǹfààní. Èyí tí a pè ní Cas8 lókè yìí, CasA ni wọ́n pè é ní Wageningen ní 2008. Cse1 ni ó jẹ́ nínú ìwé àwọn mìíràn. Nígbà tí a tún gbogbo orúkọ tò ni ó di Cas8. Èyí tí a pè ní Cas11 ti jẹ́ CasB àti Cse2 rí. Kí nọ́ńbà dúró gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti fi í sílẹ̀, kí Yorùbá máa jẹ́ ti iṣẹ́: awárí, afàya, adáṣe, amọ̀nà, àgbájọ. Bí wọ́n bá tún yí nọ́ńbà padà lọ́la, nọ́ńbà nìkan ni ògbufọ̀ yóò pààrọ̀ nínú ìwé rẹ̀.